Ọmọkùnrin tó yan píǹkì láàyò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 3 àti oṣù 4 ni ọmọkùnrin mi. Láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, píǹkì ló gbà á lọ́kàn. Kọ́ọ̀bù píǹkì ló fi ń mu kókó. Bí a bá fi òmíràn fún un, á sunkún títí ojú rẹ̀ á fi wú. Bàtà píǹkì ló gbé mọ́ àyà lọ́jà lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ rí i mọ́, ìyá ọkọ mi sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Àǹtí rẹ̀ ní nọ́sìrì tún ní kò mọ àwọ̀: ó ń pe yẹ́lò ní pupa, ó ń pe búlúù ní dúdú. Ṣé ojú ló ń dùn ún ni àbí ọpọlọ rẹ̀ ò tíì gbó? Ṣé kí n gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àmójútó. Ẹ má gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìyẹn síwájú nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé e pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí ìbéèrè yín tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí wọ́n bá ti gbé e pamọ́, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún un. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, n kò rí ohun kan tó ṣe ọmọ yín, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀, kí ẹ lè rí ọ̀rọ̀ fi dá àwọn ará ilé lóhùn.

Ohun mẹ́ta ló wọnú ara wọn nínú ìbéèrè yín: ohun tí ojú ọmọ ń rí, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, àti orúkọ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n pè. Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ló ń ṣíwájú, ìfẹ́ á tẹ̀ lé e, ẹnu ló ń kẹ́yìn, ó sì lè fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta kẹ́yìn.

Ti ojú ò gùn. Ọmọ tuntun kì í ríran jìnnà. Ojú ìyá tó ń fún un lọ́mú ni ibi tí ìran rẹ̀ mọ, ohun dúdú lára ohun funfun ló sì ń fà á mọ́ra jù. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù méjì, pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ lójú rẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, búlúù àti yẹ́lò náà ti dé. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èsì ìwádìí kan jáde tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọmọ ọwọ́ 179 ni wọ́n lò, ọmọ oṣù 4 sí oṣù 6. Wọ́n á máa fi àwọ̀ kan han ọmọ títí á fi sú u, wọ́n á wá gbé òmíràn jáde. Bí ọmọ bá tẹjú mọ́ èyí tuntun, a jẹ́ pé ó ti rí i pé kì í ṣe ti àtijọ́. Ìsọ̀rí márùn-ún ni àwọn ọmọ náà pín àwọ̀ sí: pupa, yẹ́lò, gíríìnì, búlúù àti elésè àlùkò. Ọmọ tí kò tíì mọ oúnjẹ jẹ ti ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ bí ẹni ń ya ẹ̀wà sọ́tọ̀ lára òkúta.

Ìfẹ́ ló gba àlàyé.

Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi láti Agége. Nítorí pé ó pẹ́ kó tó máa sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Agolo ìlẹ̀kẹ̀ oníke kan máa ń wà lórí tábìlì mi, òun ni mo fi ń wo bí ọmọ ṣe ń lo ìka. Ó da ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa yẹ́lò. Yẹ́lò nìkan. Mo fi ọwọ́ bo díẹ̀ nínú wọn. Ó ká ìka mi sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa tirẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó wá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ sétí tábìlì, ó fi ìka ti èyí tó wà níwájú lọ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Dádì." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni bàbá ọmọ náà ń wà. Gbogbo yẹ́lò tó wà láyé, bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́ ló ń rí nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò bi òbí kankan pé "àwọ̀ wo lọmọ yín fẹ́ràn?" mọ́ láì fi kún un pé "ta ló ní in?" Àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, Stephen Palmer àti Karen Schloss, ti fi hàn ní 2010 pé bó ṣe rí lára àgbàlagbà nìyẹn: àwọ̀ ohun tó dùn mọ́ wa ni àwa náà ń fẹ́ràn. Ojú ọ̀run tó mọ́ àti omi tó tòrò ló gbé búlúù ga lójú àwọn tí wọ́n dán wò. Àwọ̀ ìgbẹ́ àti ti oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Ọmọdé ò tíì rí ayé púpọ̀. Ohun mẹ́ta mẹ́rin péré ló fẹ́ràn, nítorí náà ìfẹ́ rẹ̀ máa ń rọ̀ mọ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, tọwọ́tẹsẹ̀ ló sì fi ń dì í mú.

Nítorí náà, ẹ bá mi ronú padà sí oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Kí ló jẹ́ píǹkì tó wọlé yín nígbà yẹn? Ṣé ẹnì kan ló fi kọ́ọ̀bù yẹn ta á lọ́rẹ? Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kan wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín, tó ń gbé báàgì píǹkì kiri, tó sì ń bá a ṣeré? Ṣé ara rẹ̀ ò yá, tí ẹ ń fún un ní oògùn olómi píǹkì tó dùn lẹ́nu, tí ẹ sì gbé e sẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́ kó tó gbé e mì? Ẹ má fojú kéré èyí tó kẹ́yìn yẹn. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń wá nínú àwọ̀ oògùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tó ń dun bàbá rẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń bá a jà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àwọ̀ obìnrin ni píǹkì, pé bí ọkùnrin bá fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀nà ti wọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kì í bí èrò yẹn mọ́ ọmọ kankan. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Cambridge gbé àwòrán síwájú ọmọ oṣù 12, oṣù 18 àti oṣù 24, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin nínú àwọ̀ tí wọ́n ń tẹjú mọ́. Àwọ̀ tó pọ́n ni tọkùnrin tobìnrin wọn wò ju búlúù lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Vanessa LoBue àti Judy DeLoache ní Amẹ́ríkà gbé ohun méjì méjì síwájú àwọn ọmọ oṣù 7 títí dé ọdún 5, ọ̀kan nínú méjèèjì sì máa ń jẹ́ píǹkì nígbà gbogbo. Ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin tó ọmọ ọdún méjì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú píǹkì ju ọkùnrin lọ. Ní ọdún méjì ààbọ̀, ó ti hàn kedere. Àwọn ọmọkùnrin sì ń sá fún un sí i bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹ kíyè sí ọjọ́ orí yẹn. Ìgbà náà gan-an ni ọmọ ń mọ̀ pé ọkùnrin ni òun tàbí pé obìnrin ni òun, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wojú àgbà láti mọ ohun tó tọ́ sí irú òun.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 2021. Àwọn olùwádìí lọ sí abúlé àwọn Shipibo nínú igbó Amazon ní Peru, wọ́n lọ sí erékùṣù Tanna ní Vanuatu, wọ́n tún lọ sọ́dọ̀ àwọn BaYaka tó ń ṣọdẹ nínú igbó àríwá Kóńgò. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń ra píǹkì fún obìnrin, búlúù fún ọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ò fẹ́ràn píǹkì ju àwọn ọmọkùnrin lọ. Ìlú ńlá kan ní Australia, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti kún fún nǹkan ọmọdé, nìkan ni ìyàtọ̀ ti hàn. Òǹtajà ló kọ́ ayé ní èyí, ìyá mi. Kódà àwọn òǹtajà fúnra wọn ò sọ ohun kan náà látìbẹ̀rẹ̀: ní 1918, ìwé ìròyìn àwọn tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé píǹkì ni ti ọmọkùnrin, nítorí pé àwọ̀ tó le ni, pé búlúù ni ti ọmọbìnrin, nítorí pé ó tutù, ó sì rẹwà.

Kí la ó wá lọ jìnnà sí? Àwọn baba wa ní sányán ni baba aṣọ, àlàárì ni baba ẹ̀wù. Ṣé ìyá ọkọ yín ní àlàárì nínú àpótí? Bí wọ́n bá ní in, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú u wò nínú oòrùn. Òwú ṣẹ́dà tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́ ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti àríwá Áfíríkà, á dé Kánò, kó tó dé ọjà wa. Pupa rẹ̀ kì í ṣe pupa ata. Pupa tó ti fẹ́ẹ́ di píǹkì jíjinlẹ̀ ni, bí omi ìṣápá tó pọn dáadáa. Àwọ̀ yẹn ni ọba àti ìjòyè fi ń dá agbádá, tí wọ́n fi ń jókòó láwùjọ, tí kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló dé. Bàbá ọmọ náà ńkọ́? Ṣé kò sí fìlà píǹkì kan nílé tó dé lọ síbi ìgbéyàwó, nítorí pé òun ni aṣọ ẹbí ọjọ́ náà? Ẹ rọra fi hàn án nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹ má fi jà. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ bá ń jágbe mọ́ nítorí kọ́ọ̀bù ò lè lóye ọ̀rọ̀ akọ àti abo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ ni pé ohun tí òun fẹ́ràn ń múnú bí bàbá òun, á sì kọ́ láti máa fi nǹkan pamọ́ fún un.

Ti àǹtí nọ́sìrì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọmọ yín gbọ́n. Ó ń pe yẹ́lò ní pupa. Gàrí tí wọ́n bu epo sí yan, kí lẹ ń pè é nílé? Gàrí pupa. Àárín ẹyin tẹ́ ẹ sè fún un láàárọ̀ ńkọ́? Pupa ẹyin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti yí kúrò ní tútù, a ní ó ti pọ́n. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ènìyàn pupa ni. Ó ń pe búlúù ní dúdú: aṣọ tó mu aró yó, kí ni màmá àgbà ń pè é? Ẹ̀fọ́ tó gba ilẹ̀ ọlọ́ràá, ṣé a kì í ní ewé rẹ̀ dúdú? Ọmọ yín ò ṣì í. Yorùbá tó jinlẹ̀ ló ń sọ, lọ́dọ̀ àǹtí tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Òpó mẹ́ta ni Yorùbá gbé ilé àwọ̀ lé: funfun, dúdú, pupa. Pupa na ọwọ́ kan ata, ó kan osùn, ó kan epo, ó kan ìyeyè. Dúdú na ọwọ́ kan èédú, ó kan aró, ó kan igbó. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Brent Berlin àti Paul Kay, kọ̀wé ní 1969 pé bí èdè kan bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré, irú mẹ́ta yìí gan-an ló máa ń jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èdè tó tálákà ni. Aláró ni ìyá ìyá mi ní Òṣogbo ìlú aró. Mo máa ń lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀. Bí ó bá fa aṣọ jáde, á kọ́kọ́ rí bí ewé tó ń gbẹ, kò tíì ní búlúù kankan lára. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, àwọ̀ náà á sì máa yí padà lójú mi kí n tó kà dé ogún. Ó tún rì í, ó tún fà á yọ. Èyí tí kò pẹ́ nínú aró, ayinrin lórúkọ rẹ̀. Èyí tó ti mu ún yó títí tó ń dán bí ẹ̀yìn ìbọn, òun ló ń jẹ́ dúdú. Bí mo bá pe ayinrin ní dúdú, á gbá mi létí pẹ́lẹ́. Ojú wa ń rí i, èdè wa sì ní orúkọ fún èyí tí iṣẹ́ wa bá bèèrè.

Ọmọ tó ń gbọ́ èdè kan ṣoṣo pàápàá máa ń pẹ́ kó tó mọ orúkọ àwọ̀. Orúkọ ajá rọrùn, ó sáré, ó gbó, ó nírù. Níbo ni pupa wà? Ó wà lára bọ́ọ̀lù, ó wà lára ata, ó wà lára ọkọ̀, kò sì jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ní 1877, Charles Darwin, àgbà onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti rò pé àwọn ọmọ òun ò lè dá àwọ̀ mọ̀ rárá, nítorí wọ́n lè pe orúkọ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣi ti àwọ̀ pè. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ṣì ń ṣi àwọ̀ pè pọ̀ bí ilẹ̀, èdè méjì sì tún wà lórí ti yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ nípa ojú, ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ kó ìdérí ìgò jọ, bí ogún: pupa, gíríìnì, yẹ́lò, búlúù. Ẹ fọ̀ wọ́n. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ tẹ́ àwo mẹ́rin, kí ẹ fi ìdérí kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dárúkọ àwọ̀ kankan. Ẹ kàn ní, "Bá mi kó èyí tó jọ èyí síbí." Bí ó bá tò wọ́n bó ṣe yẹ, ojú rẹ̀ dá, ẹnu nìkan ló kù. Bí ó bá ń da pupa pọ̀ mọ́ gíríìnì léraléra, tó jẹ́ pé ní ọjọ́ mìíràn bákan náà ni, tàbí tí ẹ bá rí i pé kò lè ṣa rodo tó pọ́n láàárín èyí tó tutù, nígbà náà ni kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára gíríìnì láti inú oyún wá. Láàárín àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ọkùnrin 8 nínú 100 ló ní i, obìnrin bí 1 nínú 200; kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwa adúláwọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, bí ìyá fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń rí àwọ̀ dáadáa, kò sì sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwòrán tóótòòtó tí dókítà Ishihara ará Japan ṣe ní 1917 ni wọ́n ṣì ń lò láti fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò tíì mọ nọ́ńbà lè fi ìka tọ ìlà inú àwọn kan lára rẹ̀.

Ẹ béèrè nípa ọpọlọ náà. Fífẹ́ àwọ̀ kan nìkan kì í ṣe àmì àìsàn. Ohun tí mo máa béèrè ni pé: ṣé ó ń dáhùn bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ń nàka sí nǹkan láti fi hàn yín? Ṣé ó ń sọ ọ̀rọ̀ pọ̀, tó ń bá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá sí ìwọ̀nyí, tàbí tó bá jẹ́ pé oúnjẹ aláwọ̀ kan ṣoṣo ló ń jẹ tó ń rù, ẹ má dúró de ìdáhùn mi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé.

Ohun kan wà nípa àwọ̀ tó ń já mi láyà, ẹ ò sì béèrè rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn aláboyún ń lò, èyí tó pupa, tó ń dán, tí wọ́n fi ṣúgà bò, kò yàtọ̀ sí súìtì lójú ọmọdé. Irin ló wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè pa ọmọ kékeré. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń tọ pupa àti píǹkì lẹ́yìn, ẹ wo àpò yín, ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ wo orí fíríìjì. Ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ sì tì í mọ́bẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lo agbára tí ẹ fẹ́ fi gba kọ́ọ̀bù.

Ti kọ́ọ̀bù ọ̀hún, ẹ ra ìkejì rẹ̀ tó jọ ọ́ pamọ́, nítorí oníke ni, á fọ́ lọ́jọ́ kan, ẹkún ọjọ́ yẹn á sì le. Ní àárọ̀, ẹ gbé ẹ̀wù méjì tó mọ́ síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Kí aṣọ ilé-ìwé jẹ́ aṣọ ilé-ìwé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ má fi píǹkì ṣe ẹ̀bùn fún un, ẹ má sì fi í ṣe ìyà. Ẹ sọ fún àǹtí rẹ̀ pé pupa ẹyin ni wọ́n ń pè é nílé yín. Bàtà tó gbé mọ́ àyà lọ́jà náà, bí ó bá wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ tí owó rẹ̀ sì wà, èmi ì bá rà á.

Bí ẹ bá sì ti rántí ẹni tó kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀bù yẹn lé e lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.